Asọ̀rọ̀mágbèsì nínú Òkùnkùn: Ìtàn Rédíò Alágbèéká ní Òṣòdì àti ní Ìlú Èkó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí ẹ̀rọ kan dé sí àárín wọn tí ó ń sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru, tí kò sì dúró gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fi dá a lóhùn, wọ́n wò ó títí, wọ́n sì pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá a mu. Síbẹ̀ ó ju ẹ̀fẹ̀ lọ, nítorí pé ìbéèrè méjì ni ó gbé pamọ́ sínú. Ta ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ náà? Agbára wo sì ni ẹni tí ń gbọ́ ọ fi ń gbọ́? Ní ìlú tí iná mànàmáná kì í lọ, ìbéèrè kejì lè dà bí ohun tí kò nítumọ̀. Ní ìlú Èkó, pàápàá ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, òun gan-an ni ó máa ń ya ẹni tí ó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò mọ̀.

Àròkọ yìí yóò tọpa ìtàn rédíò láti orí àpótí tí wọ́n so mọ́ wáyà títí dé orí rédíò alágbèéká tí ń lo bátìrì. Yóò sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ ọjà nìkan kọ́ ni yíyan rédíò sílẹ̀ de òkùnkùn. Ohun tí ó yẹ kí olùrà béèrè wà nínú ìtàn tẹ́lẹ̀.

ÀPÓTÍ ORÍ WÁYÀ

Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí ni iná mànàmáná ti tàn ní Èkó, ṣùgbọ́n ibi díẹ̀ ni ó dé: ilé ìjọba, ilé àwọn òyìnbó, àti àwọn ojú pópó kan ní erékùṣù. Ní 1923 ni ilé iṣẹ́ tí ń pèsè iná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìjọra. Òṣòdì ìgbà náà kò tíì di àárín ìlú. Abúlé ni, láàárín oko, tí ojú irin tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1901, gbà kọjá. Àtùpà ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń ríran lálẹ́.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Èkó. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, ohùn náà kò gba inú afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ará ìlú. Ilé iṣẹ́ náà ni ó ń fi ẹ̀rọ ńlá gba ohùn BBC láti Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì ń fi wáyà pín in kiri ojúlé. Ẹni tí ó bá san owó oṣooṣù ni wọ́n ń gbé àpótí kékeré kan fún. Rediffusion ni wọ́n ń pè é. Ìbàdàn gba tirẹ̀ ní 1939.

Àpótí yìí ní ànfààní kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé. Agbára tí ó ń mú un sọ̀rọ̀ ń bá ohùn bọ̀ láti orí wáyà, nítorí náà kò béèrè iná mànàmáná nínú ilé oníbàárà. Àléébù rẹ̀ sì pọ̀ ju ànfààní rẹ̀ lọ. Kò ṣeé gbé kúrò lójú kan. Bí wáyà bá já, ó di odi. Èyí tí ó tún burú jù ni pé kò sí àyè láti yí i sí ilé iṣẹ́ mìíràn: ohun tí olóhùn bá fẹ́ sọ ni onílé yóò gbọ́, bí kò bá fẹ́, kí ó pa á.

Ìtumọ̀ èyí hàn gbangba ní 1953. Nínú rògbòdìyàn òṣèlú ọdún náà, Gómìnà John Macpherson lo rédíò láti bu ẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ Action Group. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí wọ́n fún òun náà ní àyè láti fèsì lórí ẹ̀rọ kan náà. Wọn kò gbà fún un. Asọ̀rọ̀mágbèsì ṣe gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀. Nígbà tí òfin ìlú ti 1954 fún àwọn ìjọba Ẹkùn ní àṣẹ láti dá ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn sílẹ̀, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kò jáfara: ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, 1959, tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, rédíò sì tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni ó ti yé àwọn ènìyàn pé ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ tí ó lè gbọ́ ju ohùn kan lọ ni ó lè ṣe ìdájọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ̀RỌ TÍ Ó KÚRÒ LÓRÍ WÁYÀ

Rédíò tí ń gba ohùn láti inú afẹ́fẹ́ wà láyé nígbà tí Rediffusion ń jọba, ṣùgbọ́n gílóòbù kéékèèké ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn wọ̀nyí sì ń jẹ iná púpọ̀. Ẹni tí kò bá ní iná nílé ní láti ra bátìrì ńlá tí ó wúwo, tí owó rẹ̀ kò sì kéré. Ní Lusaka, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Zambia lónìí, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ń jẹ́ Harry Franklin rí i pé ìròyìn kò lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ará oko bí kò bá sí rédíò olówó pọ́ọ́kú tí ń lo bátìrì. Ní 1949 ni ẹ̀rọ tí ó ń wá jáde. Ìkòkò ìdáná ni wọ́n sọ di ara rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń fi orúkọ ìkòkò náà pè é. Pọ́n-ùn márùn-ún ni wọ́n ń tà á, wọ́n sì ń ta bátìrì rẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí ni ọ̀kan nínú àwọn ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnìkan jókòó ronú lórí ẹni tí kò ní iná, tí ó sì ṣe rédíò tí ó bá ipò rẹ̀ mu.

Ohun tí ó yí ọ̀ràn padà pátápátá ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá, 1947, nígbà tí John Bardeen àti Walter Brattain, tí wọ́n ń bá William Shockley ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Bell, ṣe àwárí transistor. Ohun kékeré yìí ń ṣe iṣẹ́ gílóòbù, ṣùgbọ́n kì í gbóná, kì í fọ́, iná tí ó ń jẹ kò sì tó nǹkan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ẹ̀bùn Nobel ní 1956. Ní 1954 ni rédíò alágbèéká àkọ́kọ́ tí ó ń lo transistor dé ọjà ní Amẹ́ríkà. Regency TR-1 ni orúkọ rẹ̀, mẹ́rin péré ni transistor inú rẹ̀. Ní ọdún kejì, ilé iṣẹ́ Sony gbé tirẹ̀ jáde ní Japan.

Nígbà tí irú ẹ̀rọ yìí tàn dé ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1960, rédíò sọ̀ kalẹ̀ láti ara ògiri. Àgbẹ̀ gbé e lọ sí oko, awakọ̀ gbé e sí iwájú ọkọ̀, oníṣòwò gbé e ka orí àtẹ. Ẹni tí kò ní wáyà iná kankan nínú ilé rẹ̀ di ẹni tí ń gbọ́ ìròyìn Èkó, Ìbàdàn àti Lọ́ńdọ̀nù ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

ÌLÚ TÍ INÁ Ń LỌ, TÍ Iná Ń BỌ̀

Bí rédíò ti ń kúrò lórí wáyà ni ìlú Èkó ń wọ inú rẹ̀. Ìjọba dá ilé iṣẹ́ ECN sílẹ̀ ní 1950 láti kó ìpèsè iná sí abẹ́ àṣẹ kan. Iná omi Kainji bẹ̀rẹ̀ ní 1968. Ní 1972 wọ́n pa ECN pọ̀ mọ́ àjọ tí ń mójú tó ìsédò náà, wọ́n sì sọ ọ́ di NEPA. Ibùdó iná Ẹ̀gbìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985. Ní ìwọ̀n àkókò kan náà, Òṣòdì kúrò ní abúlé, ó di oríta ńlá. Ọ̀nà mọ́tò Agége àti ọ̀nà márosẹ̀ Àpápá sí Òṣòdì, tí wọ́n là ní àwọn ọdún 1970, pàdé níbẹ̀. Ọjà wà létí ojú irin. Èrò ń wọ́ bí omi. Ilé pọ̀ ju ohun tí wáyà lè gbé lọ.

Ìyẹn ni èdè fi rí ọ̀rọ̀ tuntun. Ará Èkó kì í sọ pé iná kú. Ó ń sọ pé "wọ́n ti mú iná lọ," bí ẹni pé alágbára kan ni ó wá kó ohun ìní rẹ̀. Bí iná bá sì dé, àwọn ọmọdé á hó "Ápù Nẹ́pà!" jákèjádò àdúgbò. Orúkọ NEPA kúrò nínú ìwé ìjọba ní 2005, PHCN rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, 2013, ìjọba fi pípín iná lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ariwo àwọn ọmọdé kò yí padà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn ibùdó iná tí ó wà ní Nàìjíríà lè pèsè ju mẹ́gáwáàtì 12,000 lọ bí a bá ka agbára wọn nínú ìwé, ṣùgbọ́n èyí tí ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn sábà máa ń wà ní nǹkan bí 4,000 tàbí 5,000. Yàtọ̀ sí èyí, orí ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn so mọ́. Bí ìlà náà bá wó, bí ó ti wó lọ́pọ̀ ìgbà ní 2024, ìpínlẹ̀ púpọ̀ ni ó ń ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ọjọ́ tí ìlú gbọ̀n ni ó fi ìwúlò rédíò onibátìrì hàn jù. Ní àwọn ọdún ìjọba ológun, ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìjọba, ilé rédíò ni ó ń kọ́kọ́ sáré lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì, 1976, lẹ́yìn tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní Èkó, Dimka ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí Rédíò Nàìjíríà. Kí ọjọ́ náà tó parí, ìjọba ti gba ilé iṣẹ́ náà padà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin, 1990, Orkar àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bákan náà ní Ìkòyí, tiwọn náà sì wó lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí ó gbọ́ ìkéde òwúrọ̀, tí iná sì lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, lè jáde sí ìgboro pẹ̀lú ìròyìn tí ó ti di irọ́ kí ó tó dé oríta. Rédíò tí ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni ó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Ìtàn kan tún kù lórí èyí. Lẹ́yìn tí ìjọba ológun fagi lé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, 1993, àwọn ajìjàgbara bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí rédíò tí ìjọba kò fọwọ́ sí. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Kudirat Abíọ́lá ní Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, 1996, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí. Orí ìgbì kúkúrú ni Rédíò Kudirat ń gbà wọlé láti òkèèrè. Ẹni tí rédíò rẹ̀ kò bá ní ìgbì kúkúrú, bí ó ti wù kí ẹ̀rọ náà lẹ́wà tó, kò lè gbọ́ ọ.

ỌJỌ́ 27 OṢÙ KÌÍNÍ, 2002

Ọjọ́ Àìkú ni. Bí ilẹ̀ ti ń lọ sí àṣálẹ́ ni àká ohun ìjà tí ó wà ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà gbiná. Àdó olóró ń bú gbàù léraléra títí di òru, ilé ń mì, wíńdò ń fọ́ níbi tí ó jìnnà réré. Àwọn ènìyàn kò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan rò pé àwọn ológun tún fẹ́ gbàjọba. Àwọn mìíràn rò pé ogun ti dé. Ọ̀pọ̀ sá láìmọ ibi tí wọ́n ń sá sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba Ìsọlọ̀ dé Òkè-Àfá, níbi tí odò tí wọ́n gbẹ́ wà. Koríko orí omi ti bo ojú odò náà, ilẹ̀ sì ti ṣú, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń sá kò lè mọ̀ pé omi ni òun fẹ́ tẹ̀. Ọgọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn kú sínú rẹ̀, àwọn obìnrin àti ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Iye àwọn tí ó kú nínú gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ náà lé ní 1,000. Ọwọ̀n ìrántí wọn wà ní Òkè-Àfá títí di òní.

Kò yẹ kí òpìtàn sọ pé rédíò ni ì bá gba gbogbo wọn là. Ẹni tí àjà ilé rẹ̀ ń já lulẹ̀ kì í dúró wá rédíò. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ kú sí jìnnà sí ibi tí iná ti ń jó. Kì í ṣe àdó olóró ni ó pa wọ́n, àìmọ̀ ni. Oṣù kẹjọ, 2001 ni tẹlifóònù alágbèéká GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà, àwọn tí ó ní in kò pọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nínú gbogbo ohun tí mẹ̀kúnnù lè ní lọ́wọ́, rédíò nìkan ni ó lè sọ fún ẹni tí ó wà ní Ìsọlọ̀ pé iná ni ó mú àká ohun ìjà ní Ìkẹjà, pé kì í ṣe ogun, kí ó dúró síbi tí ó wà. Kí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́, nǹkan méjì gbọ́dọ̀ pàdé: kí ilé iṣẹ́ rédíò tètè sọ ọ́, kí ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ sì wà nítòsí ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Ìkíní wà lọ́wọ́ ìjọba àti àwọn oníròyìn. Ìkejì wà lọ́wọ́ onílé.

ṢÉ TẸLIFÓÒNÙ KÒ TÓ?

Àwọn kan yóò sọ pé ayé ti kọjá rédíò onibátìrì, pé tẹlifóònù ti gba ipò rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ẹ̀rọ yìí ń gba èsì, èyí tí asọ̀rọ̀mágbèsì kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù náà ń jẹ iná, òpó tí ń gbé ohùn rẹ̀ kiri sì ń jẹ iná pẹ̀lú. Bí òkùnkùn bá pẹ́, tí dísù bá tán nídìí òpó, ẹ̀rọ ọwọ́ di òkúta. Ìṣòro kejì ni àhesọ. Ní 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó, ìròyìn kan gba orí tẹlifóònù kálẹ̀ ní òru ọjọ́ kan pé omi iyọ̀ ni oògùn rẹ̀. Àwọn kan mu ún, ó sì ṣe wọ́n ní jàǹbá. Ìkéde àwọn onímọ̀ ìlera lórí rédíò wà lára ohun tí ó pa irọ́ náà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà, àjọ WHO kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà.

Rédíò pàápàá kì í ṣe olódodo ní gbogbo ìgbà. Ní Rwanda ní 1994, ilé iṣẹ́ rédíò RTLM ni ó ń ti àwọn ènìyàn láti pa aládùúgbò wọn. Ẹ̀kọ́ 1953 ni ó tún padà wá níbẹ̀: ewu wà nínú ohùn kan ṣoṣo. Láti 1994 tí Raypower ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó gẹ́gẹ́ bí ilé rédíò aládàáni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ohùn ti pọ̀ lórí afẹ́fẹ́ ìlú náà, ọ̀pọ̀ sì ń sọ Yorùbá. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ tí ó ń yí dáadáa lè fi ọ̀rọ̀ ọ̀kan wé ti èkejì.

Àwọn olùkọ́ náà ní ẹ̀rí tiwọn. Nígbà tí àrùn Covid-19 sé ilé ìwé ní 2020, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò. Ọmọ tí ilé wọn kò ní iná, tí kò sì ní owó fún íntánẹ́ẹ̀tì, lè kẹ́kọ̀ọ́ bí bátìrì méjì bá wà nínú rédíò bàbá rẹ̀.

YÍYAN RÉDÍÒ DE ÒKÙNKÙN

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá mọ ìṣe òkùnkùn kì í dá òṣùpá lóró. Láti inú ìtàn tí ó wà lókè yìí, ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí olùrà wò.

Ìkíní ni orísun agbára. Rédíò tí ó ń lo iná ilé nìkan kò yàtọ̀ sí gílóòbù: bí iná bá lọ, ó lọ. Rédíò tí ó ń gba bátìrì tí gbogbo ìsọ̀ ń tà ni ó dára jù. Bátìrì ńlá ń pẹ́ ju kékeré lọ. Àwọn rédíò kan wà tí ènìyàn lè fi ọwọ́ yí tàbí kí ó sá sí oòrùn. Trevor Baylis, ará Bìrìtìkó, ni ó ronú kan èyí tí a ń fi ọwọ́ yí ní 1991, lẹ́yìn tí ó wo ètò kan lórí tẹlifíṣọ̀n nípa àrùn éèdì ní Áfíríkà. Ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún títà. Irú èyí wúlò, ṣùgbọ́n kí olùrà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tún ní àyè fún bátìrì lásán, nítorí pé bátìrì tí wọ́n kàn mọ́ inú rẹ̀ yóò di ahẹrẹpẹ lọ́jọ́ kan.

Ìkejì ni ìgbì. FM ń dún ketekete, àwọn ilé iṣẹ́ Èkó sì pọ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà. Ìgbì àárín ń rìn jìnnà sí i lálẹ́. Ìgbì kúkúrú ń la òkun kọjá. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń lò ó ti dín kù ju ti àtijọ́ lọ, síbẹ̀ ìtàn 1996 fi hàn pé ọjọ́ kan lè dé tí ohùn tí ó wà nítòsí kò ní lè sọ òótọ́.

Ìkẹta ni dídán an wò. Ní ọjà Èkó, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ni òǹtajà sábà máa ń fi ẹ̀rọ hàn. Kí olùrà ní kí ó yọ wáyà, kí ó ki bátìrì bọ̀ ọ́, kí ó sì yí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Rédíò tí kò lè sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tí ń tà á kò ní sọ̀rọ̀ ní òru.

Ìkẹrin ni ìtọ́jú. Bátìrì tí wọ́n gbàgbé sínú rédíò fún oṣù púpọ̀ yóò dà, omi rẹ̀ yóò sì jẹ irin inú rẹ̀. Kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi í sí ẹ̀gbẹ́ rédíò, ní ibi tí gbogbo ará ilé mọ̀, tí ọwọ́ sì lè tó láìtan iná. Bí wọ́n bá ń lò ó, kí wọ́n rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀; ohùn ńlá ni ó ń tètè pa bátìrì.

Owó tí ó ń lọ lórí gbogbo èyí kò tó owó epo tí ọ̀pọ̀ ilé ń dà sínú jẹnẹrétọ̀, kò sì ní èéfín tí ń pa ènìyàn lójú oorun. Láti àpótí 1935 títí dé ìsinsìnyí, àwọn ará Èkó kò fìgbà kan ní àṣẹ lórí iná tí ń wọ ilé wọn. Àṣẹ tí ó kù sí wọn lọ́wọ́ kò ju pé kí wọ́n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ nígbà tí iná bá lọ. Odò Òkè-Àfá fi hàn pé àṣẹ kékeré yìí kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ilé kan fi sílẹ̀ di ọjọ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú.